Lẹ́tà Tí Súnkànmí Kò Kọ

"Mà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Ohun tí Súnkànmí Ọládòṣù kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn fún un ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nínú oṣù kẹwàá ọdún 1992. Kò kí mi. Ọmọ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, omi ń ro lára kóòtù rẹ̀, ó sì na ìwé kan sí mi.

Mo ní, "Wọlé ná. Kí ni o ò kọ?"

Lẹ́tà onítáípù ni, kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní work permit, ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní ìlú Òyìnbó níbí, ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun, Súnkànmí, ń fi ìtẹríba sọ fún wọn pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ní Stockport fẹ́ fún òun mọ́. Pé ara bàbá òun kò yá, òun sì fẹ́ padà sílé lọ bá àwọn òbí òun. Pé kí wọ́n jọ̀wọ́ pa fáìlì òun dé. Nọ́ńbà fáìlì náà wà lókè. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìfọwọ́sí sì wà lórí orúkọ náà.

"Wọ́n ti pa fáìlì náà dé?"

"Wọ́n ti pa á dé, mà. Máníjà ló pè mí lánàá. Ọ́fíìsì náà fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún òun lójú."

Ó jókòó.

Èmi ni Fọláwẹ̀mí Ọlápàdé. Nígbà náà, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn aláìsàn sí, ní ọsibítù kan ní Oxford Road. Iṣẹ́ mi ni láti wá fáìlì tó sọnù, láti ka ìkọkúkọ àwọn dókítà, àti láti mọ̀ bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan ìwé tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Nínú ìjọ wa, bí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú, wọ́n á ní, "Ẹ gbé e lọ bá Màmá Ọlápàdé." Èmi ni mo tú àṣírí ẹni tó ń kọ lẹ́tà àìlórúkọ sí pásítọ̀ ní ọdún 1987. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yìí fi sá tọ̀ mí wá.

Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọmọ Ẹdẹ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba MSc nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi ní Stockport polówó iṣẹ́ títí, wọn ò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó Súnkànmí, ni wọ́n bá béèrè work permit fún un. Bí ìwé náà bá jáde, tó sì fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó lè béèrè àṣẹ láti máa gbé ìlú yìí títí. Bí kò bá jáde, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ni ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ máa parí. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ló kù.

Mo gbé lẹ́tà náà sún mọ́ fèrèsé. "Ìfọwọ́sí ta nìyí?"

"Ó jọ tèmi, mà. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ó jọ tìrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó fà á kò yára. Wo ibi tó ti dúró, tó tún ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dúró láàárín orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n tọ ipa rẹ̀ ni." Mo sọ̀kalẹ̀ sí orúkọ tí wọ́n tẹ̀. "Báwo ni o ṣe ń kọ Ọládòṣù?"

"O-L-A-D-O-S-U. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù àti nínú gbogbo ìwé mi."

"Ẹni yìí fi H sí i. Oladoshu."

Ọkọ mi wọlé lákòókò náà, pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ apá. Dókítà Theophilus Ọlápàdé ni gbogbo Rusholme, àdúgbò wa, mọ̀ ọ́n sí. Láti ọdún 1961 ló ti wà ní ìlú yìí. Òun àti bàbá Súnkànmí jọ ka ìwé ní girama ni, nítorí náà ọmọ ilé ni Súnkànmí jẹ́ fún wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mi orí.

"Ó mà ṣe o. Ẹ ti sọ fún ọlọ́pàá?"

"Rárá, sà," Súnkànmí dáhùn.

"Ẹ má sọ fún wọn. Wọ́n á kàn máa tú ìwé rẹ wò ni. Ẹ̀yìn ọ̀la ṣì ń bọ̀, ọmọ mi. Ilé kò burú."

Ó bọ́ sí yàrá ìkàwé rẹ̀.

*

Ní ọjọ́ Ajé, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti Súnkànmí wọ bọ́ọ̀sì 192 lọ sí Stockport.

Richard ni orúkọ máníjà náà. Ọkùnrin onírun díẹ̀ ni, epo ẹ̀rọ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ bó tilẹ̀ wọ táì. Kò fi ìfura rẹ̀ pa mọ́.

"Ìyáàfin, mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹ̀rù máa ń ba èèyàn láti sọ pé òun kò ṣe mọ́, á wá fi lẹ́tà sọ ọ́."

"Bó bá jẹ́ òun ló kọ ọ́, kí ló dé tí kò fi kọ orúkọ bàbá rẹ̀ dáadáa?"

Ó wo lẹ́tà náà, ó wo Súnkànmí.

Mo ní mo fẹ́ rí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì ìjọba kọ sí wọn, èyí tó ní àwọn ti rí fóòmù gbà. Akọ̀wé rẹ̀ ló mú fáìlì wá. Cynthia ni wọ́n ń pè é, obìnrin ọmọ bí àádọ́ta ọdún, tó fi ẹ̀wọ̀n so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn. Ó ju fáìlì náà sórí tábìlì.

Mo bi í pé, "Ta ló tún wá iṣẹ́ yìí nígbà tí ẹ polówó rẹ̀?"

Richard wúkọ́. Cynthia kò dúró kó dáhùn.

"Paul, ọkọ àbúrò mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọdún kan gbáko ló ti wà nílé láìníṣẹ́, inú sì bí mi nígbà tí wọn ò mú un, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mi ò kọ lẹ́tà kankan."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀ fún mi."

"Mr Oladoshu," ó wí, ó pè é geere.

Súnkànmí fẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì. Mo mọ ohun tó ń rò. Etí Òyìnbó tó gbọ́ orúkọ yìí láìrí i, H ló máa fi sí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Cynthia sì wà níwájú rẹ̀ gan-an. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé a ti rí ẹni tí à ń wá.

Mo ṣí fáìlì. Lẹ́tà ọ́fíìsì ìjọba wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete. Mẹ́ta ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà. Mo gbé lẹ́tà ayédèrú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn tirẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ; ó ní láti jẹ́ pé orúkọ ilé iṣẹ́ ni ọ́fíìsì náà fi rí fáìlì.

"Ẹ̀dà mélòó ni ẹ ṣe nínú èyí?"

"Ọ̀kan péré," Cynthia dáhùn. "Mo fi ránṣẹ́ sí i nílé. Ẹ má bínú bí kò bá mọ́, ẹ̀rọ ẹ̀dà wa ti gbó, ó máa ń fa ìlà dúdú sórí ìwé."

"Súnkànmí, ẹ̀dà tìrẹ dà?"

Ó yọ ọ́ nínú àpò. Ìlà dúdú kan gba etí ìwé náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, ó sì ti ẹnu mẹ́ta náà pa. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó, mẹ́jọ ni yóò kà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Cynthia, mo sì tọrọ àforíjì. Kò mọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, Súnkànmí kò lè mú un mọ́ra. "Mà, obìnrin yẹn ni! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe pe orúkọ mi?"

"Òun kọ́. Nọ́ńbà gidi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn ò ní fi omi kànga sílẹ̀ kó lọ pọn omi ẹrẹ̀. Ẹ̀dà tó bàjẹ́ yìí ni ẹni tó kọ lẹ́tà wò. Ta ni ó rí i?"

Ó ronú títí bọ́ọ̀sì fi dé Levenshulme.

"Táyọ̀, tí a jọ ń gbé. Àti... ẹ̀yin, mà."

"Èmi?"

"Ọjọ́ Sunday tí mo wá jẹun. Ẹ ní kí n fi sílẹ̀ kí ẹ kà á dáadáa, ẹ wá fún mi padà ní Wednesday."

Òótọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó dáa, a mọ̀ pé èmi kọ́. Ó ku Táyọ̀."

*

Yàrá kan ni Súnkànmí àti Táyọ̀ ń pín ní Wilmslow Road, lókè ilé oúnjẹ àwọn ará Pakistan, òórùn kọ́rì kì í sì í jáde nínú aṣọ wọn. Táyọ̀ ń kọ nǹkan nígbà tí a wọlé. Bó ṣe rí mi, ó ti ìwé náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán, Mummy."

"Dìde. Mú ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí yẹn wá."

"Mummy, no be anything—"

"Táyọ̀."

Ó mú un wá. Lẹ́tà ni, ọwọ́ ló fi kọ ọ́, Richard ló sì kọ ọ́ sí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun gbọ́ pé àyè ti ṣí sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ òun Mr Oladosu kò lè gba iṣẹ́ náà mọ́, òun náà sì ní MSc.

Súnkànmí kà á láti ẹ̀yìn èjìká mi.

"Ìwọ!" ó ké. "Ìwọ tí mo ń bu gààrì fún!"

"Mi ò kọ èyí àkọ́kọ́!" Táyọ̀ ti ń sunkún. "Mummy, I swear. Ìgbà tí mo gbọ́ pé tirẹ̀ ti bàjẹ́ ni mo ní kí n gbìyànjú. Ìwé tèmi náà ń parí ní January. Kí n wá máa wò?"

"O ò lè sọ fún un?"

"Ojú ń tì mí, mà."

Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ka lẹ́tà Táyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ òní ló kọ sórí rẹ̀. Ó kọ Oladosu, kò sí H. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ìsinsìnyí, ó lọ tààrà. Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tà ayédèrú ń bẹ̀, ó ń tẹrí ba, ó ń fi gbólóhùn gígùn kan gbé òmíràn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní girama kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi la máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa náà la sì máa ń fi H sí Ọládòṣù.

Mo ní, "Táyọ̀ kọ́. Ìwà tó hù kò dáa, ẹ máa bá ara yín yanjú ẹ̀. Súnkànmí, lẹ́tà yẹn ní ara bàbá rẹ kò yá."

"Irọ́ ni, mà. Ara bàbá mi le koko."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Màmá mi ló kọ̀wé."

"Ta ló máa ń kọ̀wé sí ọ tẹ́lẹ̀?"

Ó ká fìlà orí rẹ̀ mọ́wọ́.

"Bàbá mi," ó wí níkẹyìn. "Olùkọ́ ni wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí màmá kọ lẹ́tà, wọ́n á ní spelling rẹ̀ kò dáa. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ, màmá ló ń kọ ọ́. Ó ní bàbá ń bá iṣẹ́ oko."

Mo dìde.

*

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé, kí n lè ráyè ronú.

Bí ẹni tó kọ lẹ́tà bá ń parọ́ lásán, kí ló dé tí irọ́ rẹ̀ fi bá ohun tí màmá Súnkànmí ń fi pa mọ́ mu? Kì í ṣe irọ́. Ẹni yìí mọ̀ pé bàbá náà ń ṣàìsàn. Ọmọ tó bí kò mọ̀, ẹni yìí mọ̀. Àgbàlagbà ni, Yorùbá ni, ó ń gba lẹ́tà láti Ẹdẹ, ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì rí ẹ̀dà náà láàárín ọjọ́ tí Súnkànmí gbà á àti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá.

Sunday sí Wednesday. Orí tábìlì ìjẹun mi ni ẹ̀dà yẹn wà.

Mo dúró lójú ọ̀nà. Obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bi mí bóyá ara mi dá. Mo ní ó dá.

Mo rántí àpòòwé kan nínú oṣù kẹsàn-án, èyí tó ní ìlà pupa àti búlúù létí, tí sítáǹbù Nàìjíríà wà lára rẹ̀. Nígbàkigbà tí lẹ́tà bá ti Ẹdẹ dé, ọkọ mi á jókòó sí kíṣíìnì, á kà á sókè fún mi, á máa rẹ́rìn-ín sí èdè ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èyí, ó tì í bọ àpò, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Mi ò bi í. Kí ló máa mú mi bi í? Mo ti ń wá olè kiri Stockport àti Rusholme. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Síbẹ̀, mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run pé kí n ṣìnà.

Ní ọ̀sán Thursday, ọjọ́ tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ọkọ mi jókòó sí kíṣíìnì, ó ń mu tíì. Mo ń po ìyẹ̀fun. Mo ti gbé àpòòwé kan àti bírò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Níkẹ́, ẹ bá mi kọ orúkọ Súnkànmí sí ara àpòòwé yẹn. Ọwọ́ mi ti kan ìyẹ̀fun."

Ó mú bírò, ó sì kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó dára tí gbogbo èèyàn máa ń yìn. Ó tì í sọ́dọ̀ mi.

Mr Sunkanmi Oladoshu.

Mo nu ọwọ́ mi, mo jókòó síwájú rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe Olùkọ́ Ọládòṣù?"

Kò gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ọ pé nǹkan kan ń ṣe é?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ sọ ọ́ fún ìjọba."

Ó ti ife tíì rẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sí yàrá ìkàwé, ó mú lẹ́tà Ẹdẹ wá, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ìyá Súnkànmí ló kọ ọ́. Ẹ̀gbà ló dá ọkọ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ohùn. Ó ní kí Dókítà má sọ fún ọmọ náà, kó má baà fi ìdánwò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti parí, kí Dókítà bá òun lé e wálé, nítorí bàbá rẹ̀ ń bi òun lójoojúmọ́ pé ọjọ́ wo ló ń bọ̀.

"Ó ní kí n lé e wálé, Fọláwẹ̀mí."

"Kò ní kí ẹ jí orúkọ rẹ̀ lò. Níbo ni ẹ ti rí ìfọwọ́sí rẹ̀?"

"Lára káàdì ọjọ́ ìbí tó fún mi."

Mo ká lẹ́tà Ẹdẹ náà padà.

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ òótọ́ fún un?"

"Nítorí mo mọ ohun tó máa sọ. Á ní, 'Kí ìwé jáde ná, n ó lọ.' Ìgbà tí tẹlígíráàmù dé ní 1966 pé bàbá tèmi ń ṣàìsàn, ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ní kí n ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn tán ná. Wọ́n sin bàbá mi láìsí mi. Èmi ni àkọ́bí." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ọládòṣù."

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú rẹ̀ sì bí mi débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ wọ bàtà yín."

"Fọláwẹ̀mí, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ ìṣègùn mi. Ayédèrú ni wọ́n máa pe lẹ́tà yẹn."

"Ayédèrú ni."

*

Súnkànmí nìkan la bá nínú yàrá. Ó fi àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ fún ọkọ mi. Ọkọ mi kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró, láìfi nǹkan kan pa mọ́, bí ẹni ń ka àìsàn aláìsàn fún ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta yìí kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn tó ti já.

Súnkànmí yí ojú sí fèrèsé. "Ẹ dìde, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mi ò lè wò ó."

Ọkọ mi dìde.

"Ẹ mú lẹ́tà màmá mi wá."

Ó kà á. Ó tún un kà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ work permit ló máa kọ́kọ́ sọ, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

"Láti oṣù kẹsàn-án lẹ ti mọ̀ pé bàbá mi ò lè rìn. Ẹ bá mi jẹun ní Sunday yẹn. Ẹ bi mí pé bàbá ńkọ́, mo ní ara wọn le, ẹ sì ní, 'A dúpẹ́.'"

Ọkọ mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, ọmọ mi."

Ní àárọ̀ Friday, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ Stockport. Nínú bọ́ọ̀sì, Súnkànmí jókòó síwájú, àwa jókòó sẹ́yìn. Ọkọ mi ti kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, ó sì ti fọwọ́ sí i. Richard kà á, ojú rẹ̀ pọ́n, ó gbé ọwọ́ lé tẹlifóònù.

"Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyí, Dókítà. Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Richard wo Súnkànmí. "Orúkọ rẹ ni wọ́n lò. Kí lo sọ?"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti wádìí rí, mi ò dúró de ìdáhùn kankan bí mo ṣe dúró de ìyẹn, nítorí mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbọ́.

"Mi ò fẹ́ ọlọ́pàá," ó wí. "Ẹ fi ìwé tí wọ́n kọ yìí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yẹn, kí wọ́n ṣí fáìlì mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò fẹ́ kí Dókítà bá mi dá sí nǹkan kan mọ́."

Richard yọ ọwọ́ kúrò lórí tẹlifóònù. Ó ní kí Súnkànmí lọ wo bàbá rẹ̀. Bí ìwé náà bá jáde, òun á fi ránṣẹ́ sí i ní Ẹdẹ, ìwé náà ló sì máa fi wọ ìlú yìí padà. Ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé yóò jáde. Cynthia ti ń fi bébà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Súnkànmí lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá. Táyọ̀ ló bá a gbé ẹrù dé pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti parí ìjà wọn. Mo lọ síbẹ̀ ní tèmi. Ọkọ mi kò lọ.

"Mà, bí wọn ò bá fún mi ńkọ́?" ó bi mí lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé.

"Wàá ti rí bàbá rẹ."

Ó mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá ó tó o.

Ìwé náà jáde ní oṣù kìíní. Ó padà dé ní oṣù kejì ọdún 1993, ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin rẹ̀ pé, wọ́n sì fún un ní àṣẹ láti máa gbé ìlú yìí títí ní 1997. Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, kò tún tẹsẹ̀ bọ ilé wa. Bó bá pàdé ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," á sì kọjá.

Ṣùgbọ́n ní Sunday tó kọ́kọ́ wá lẹ́yìn tó dé láti Ẹdẹ, ó dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Mo béèrè bàbá rẹ̀. Ó ní ohùn wọn ti ń padà, pé wọ́n gbọ́ nípa lẹ́tà ayédèrú náà nínú ìwé tí òun kọ ránṣẹ́ ní oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn wọn. Lọ́jọ́ tí work permit dé, wọ́n ní kí òun kà á fún wọn. Lẹ́yìn tó kà á tán, wọ́n fi ọwọ́ òsì fa òun mọ́ra, wọ́n ní, "Ẹni tó fẹ́ ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ṣé Theophilus bá ọ wá a?"

"Mo ní wọ́n bá mi wá a," Súnkànmí wí.

Ó ní, "Wọ́n wá bi mí pé, 'Ṣé ẹ rí i?'"

Mo ń wo ẹnu rẹ̀.

"Mo ní, 'A ò rí i, sà.'"